Ọjọ́ Tí Ẹranko Òfin Jí ní Ìlú Oníbodè

Ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí láyè kí ó jókòó, nítorí ọ̀nà tí ó rìn kí ó tó kàn yín jìn. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́tókun ni, ọdẹ Òkè-Àgbọn, ọkùnrin gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú tí ó là lórí igi tí ẹnikẹ́ni kò ká. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò bá lọ sígbó, a máa jókòó lórí àpáta tí àwọn ìyá wa ń sá ilá sí, àwa náà a sì pé jọ yí i ká, ilá níhìn-ín, ọmọ ènìyàn lọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń sá ilá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn bàbá náà kò tíì kúrò ní etí mi.

Kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn láìyin ara rẹ̀. Yóò ní àwọn ẹfọ̀n mọ ìró ẹsẹ̀ òun ju ìró ẹsẹ̀ aya wọn lọ. Yóò ní kò sí ẹsẹ̀ tí ó tẹ ilẹ̀ tí òun kò lè kà bí alákọ̀wé ṣe ń ka ìwé: òun a mọ ẹni tí ó ni ín, òun a mọ ohun tí ó rù, òun a tún mọ irọ́ tí ó fẹ́ lọ pa níbi tí ó ń lọ. Bí ó bá yin ara rẹ̀ tán, a ó rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín, ìtàn a sì gbéra. Ìtàn kan ṣoṣo ni kì í yin ara rẹ̀ sí. Bí a bá ti rí i tí ó dárúkọ Ìlú Oníbodè láìka iye ẹfọ̀n tí ó ti pa, a ti mọ̀ pé kò sí ẹ̀rín lọ́jọ́ náà. Báyìí ni ó ṣe máa ń sọ ọ́.

Ọmọkùnrin méjì ni ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, bí. Ọdẹ́tókun ni àgbà, Ọdẹ́níyì ni àbúrò, ọdẹ sì ni àwọn méjèèjì bí baba wọn. Ní ọdún tí ọ̀dá dá tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbín fi wọ inú pàlàpálá òkúta lọ, Ọdẹ́níyì tọ ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n kan tí ó ṣe léṣe wọ igbó, kò sì padà. Ọdún mẹ́rìnlá kọjá. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n ṣe òkú rẹ̀, ìyá ní òkú ta ni wọ́n fẹ́ ṣe, ṣé wọ́n bá òun rí egungun ni? Ìgbà tí ó yá ni obìnrin kan tí ń ta ìkòkò láti ìlú dé ìlú wá sọ pé òun gbọ́ nípa ọkùnrin kan tí kò ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì, tí ń mọ odi ní Ìlú Oníbodè, ìlú tí ó wà lẹ́yìn igbó àwọn iwin. Àwẹ̀ró ti wà lórí ẹní àìsàn nígbà náà. Ó pe àgbà ọmọ rẹ̀, ó ní: “Mi ò rán ọ lọ mú ọrọ̀ wá. Mú àbúrò rẹ wá kí n fọwọ́ kàn án lórí. Ikú mi ti dé ẹ̀yìnkùlé, mo ní kó jókòó ná.”

Ẹni tí ìyá bá rán ní irú iṣẹ́ báyìí kì í wẹ̀yìn. Ọdẹ́tókun gbé ìbọn, ó di àgbàdo yíyan sínú àpò, ó wọ igbó lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi rìn nínú igbó tí a mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ lórúkọ. Ní oríta kan níbẹ̀, iwin kan dìde sí i. Ẹnu iwin náà wà ní ìpàkọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún, tó fi jẹ́ pé bí ó bá kúnlẹ̀ kí ènìyàn, ṣe ni ó ń fọ́jú. Ó ní Bèèrè-kí-o-tó-kọjá ni wọ́n ń pe òun, àti pé àlọ́ kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni ń já kí ó tó kọjá. Ọdẹ́tókun gbéra ga, ó ní kí ó pa méje kí ó lè tó òun lẹ́nu. Iwin náà wò ó láti orí eékún, ó pa ọ̀kan.

“Ó wà ní ìlú, kì í ṣe ará ìlú. Ó kọjú sí oko, kì í ṣe ará oko. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ń lù ú, kì í sì í sunkún. Kí ni?”

Ọdẹ́tókun ní àlejò ni. Iwin náà ní rárá o, àlejò ń sunkún, àwọn tí ń lù ú ni kì í gbọ́. Ó na ọwọ́, ó yọ nǹkan kan kúrò ní orí Ọdẹ́tókun bí ẹni yọ ìdin lára iṣu, láti ọjọ́ náà ni ọdẹ yìí kò sì ti lè rántí bí ohùn baba rẹ̀ ṣe ń dún mọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ajá ni. Iwin náà tún yọ nǹkan kan, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn: ọjọ́ tí Ọdẹ́tókun kọ́kọ́ pa ẹran ni. Àwa tí a ń gbọ́ a máa bi í pé ẹran wo ni, a sì máa rí i tí ó ń wá a kiri ní ojú wa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, pẹ̀lú òógùn lójú, ó ní ilẹ̀kùn odi ni.

Iwin náà yà fún un. Ó ní: “O mọ ilẹ̀kùn. Mímọ̀ kọ́ ni gbígbà.”

Lẹ́yìn oríta náà ni Pápá Ipasẹ̀ wà. Ilẹ̀ gbalasa ni, kò sí koríko, kò sí ènìyàn, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ ń rìn níbẹ̀ fúnra wọn: ẹsẹ̀ àgbà, ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ aboyún tí ó tẹ̀ wọlẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó ti fi ilé sílẹ̀ ni. Àwọn tí ó ni wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ipa ẹsẹ̀ wọn kò rí ibi balẹ̀. Wọn a kọjú sí ilé, wọn a rin ìṣísẹ̀ méje, wọn a dúró bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan, wọn a sì yí padà. Ọdẹ́tókun rìn láàárín wọn, kò gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn. Láàárín pápá ni ó ti rí ẹsẹ̀ òsì kan tí kò ní ọmọńdinrín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń pè é ní orúkọ. Ẹsẹ̀ náà rin méje sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dúró, ó yí padà. Ó tẹ̀ lé e, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, títí odi Oníbodè fi yọ, odi pupa tí ó ga tó igi ìrókò, tí ó ń dán bí ìkòkò tí a fi òkúta ra lára.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe o, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ní Òkè-Àgbọn, ọdẹ tí ó gbé ìbọn dání kì í gba ẹnu bodè wọ ìlú onílùú. Ẹni tí ó bá gbé ìbọn gba ẹnu bodè, ogun ni ó gbé wá. Ọdẹ tí a kọ́ dáadáa a yí gba ẹ̀yìn odi, níbi tí àwọn obìnrin ń da ilẹ̀ nù, a gbé ìbọn kọ́ igi, a já ewé tútù sílẹ̀, a wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a sì fi ọwọ́ òfo gba ọ̀nà ààtàn wọlé. Ohun tí ó ń sọ ni pé mo mọ̀ pé ilé yín ni, ẹ má bẹ̀rù mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọdẹ́tókun ṣe. Ó yí odi po lọ sẹ́yìn, kò tilẹ̀ wo ẹnu bodè, ó wúkọ́, ó wọlé láti ihò tí wọ́n ń gbà da ilẹ̀. Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran.

Kò rìn jìnnà tí ó fi rí ọkùnrin kan lórí àkàsọ̀ tí ń fi àtẹ́lẹwọ́ na amọ̀ mọ́ ara odi. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ní ọmọńdinrín. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, amọ̀ kun àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn, Ọdẹ́níyì kò béèrè ìyá, kò béèrè ilé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà wo lẹ gbà wọlé?”

“Ọ̀nà ọmọlúàbí,” ni Ọdẹ́tókun wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọdẹ́níyì ká ọwọ́ lérí. “Ọ̀nà tí èmi náà gbà nìyẹn.”

Ó mú un wọlé, ó ṣàlàyé fún un. Ní ìlú yìí, ẹni tí ó bá gba ẹnu bodè wọlé, onítọ̀hún a dúró kí oníbodè fi osùn pa gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Osùn náà a wọ inú ẹran ara lọ, kì í ṣí, kì í sì í kun ẹní. Ẹni tí kò bá ní in, ará ààtàn ni wọ́n ń pè é. Òfin ìlú náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀. Ẹranko ni. Ó wà nínú kòtò ní àárín ìlú, ó tó ẹfọ̀n mẹ́ta, kò ní ojú, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ. Bí ó bá jí, gìgísẹ̀ ni ó ń gbọ́ òórùn. Gìgísẹ̀ tí kò bá ní osùn, a gbé ẹni tí ó ni ín ní ẹ̀yìn aṣọ bí ológbò ṣe ń gbé ọmọ, a sì lọ jù ú sí ẹ̀yìn odi. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó ti ń sùn. Odi ìlú ni ó wó lọ́dún náà, wọn kò ní òṣìṣẹ́, ni wọ́n bá ro ẹ̀kọ pẹ̀lú ewé tí ń múni sùn, wọ́n fún òfin mu, wọ́n sì ṣí ojú kúrò lára ọ̀nà ààtàn. Ọdẹ́níyì àti àwọn irú rẹ̀ mọ odi títí tí ó fi ga ju ti àtijọ́ lọ. Nísinsìnyí tí odi ti parí, ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ jókòó lórí bóyá kí wọ́n jí ẹranko náà. Òní gan-an ni.

Ọdẹ́tókun ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti tán, kí ó dìde kí àwọn máa lọ, ìyá ń dúró. Ìgbà náà ni ó rí obìnrin kan tí ó gbé omi wá fún un, oníka mẹ́fà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan bí gbogbo ọmọ ìlú náà, àti ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ní imú Àwẹ̀ró. Ìbídùn ni ìyá, Abíọ́nà ni ọmọ. Ọmọ ìlú náà kì í kọjá odi; bí ó bá kọjá, bí ìkùukùu ni yóò tú ká.

Ọdẹ́níyì ní: “Mi ò gbàgbé ìyá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi ìdajì ara lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde nínú wa, ẹ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kó wọlé mọ́. Bí mo bá tẹ̀ lé yín, ta ni Abíọ́nà yóò máa pè ní baba?”

Èrò kan yọ́ wọ inú Ọdẹ́tókun bí eku ṣe ń yọ́ wọ àká: bí ẹranko náà bá jí, kò ní béèrè lọ́wọ́ Ọdẹ́níyì bóyá ó fẹ́ lọ.

Ilé ìgbìmọ̀ gùn, wọ́n fi ẹfun fọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó funfun báláú. Aṣòfin mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Olórí wọn ní etí tí ó fẹ̀ bí ewé kókò, bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá sì sú u, a ká ọ̀kan dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọn a gbé òrí ka àtàrí rẹ̀. Bí òrí náà bá yọ́ dé ìpéǹpéjú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán nìyẹn. Àwọn ará ààtàn jókòó sí ìta, wọ́n ń gbọ́, ìyàwó àti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí Ọdẹ́tókun ṣe fẹ́ jókòó tì wọ́n ni ẹ̀ṣọ́ kan gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ wò bí ẹni wo pátákò ẹṣin. Ó ní ọ̀kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rèé, yóò wúlò fún ẹ̀rí. Ó fà á wọlé.

Gbófinró ló kọ́kọ́ dìde, ọkùnrin arẹwà tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí kànga. Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni.

“Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,” ni ó wí, “n kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ará ààtàn ló mọ ilé mi, kò sì jò. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sẹ́nu bodè kẹ́ ẹ wo àwọn tó tò síbẹ̀. Òmíràn ti dúró títí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ta gbòǹgbò. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún òfin wa, a fi wọ́n sínú òjò. Àwọn tí kò bọ̀wọ̀ fún un, a fọmọ fún wọn fẹ́. Òfin tó ń sùn, ẹran lásán ni. Lọ́la tí alágbára bá wá gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, kí la ó fi lé e? Ṣé a ó ní kó ní sùúrù, òfin ń sùn?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́tókun létí. Ó ní bí òun bá jẹ́ ọmọ ìlú náà, òun ìbá patẹ́wọ́.

Ìyá arúgbó kan, Rántíàná, ni ó dá a lóhùn. Ara rẹ̀ ti tutù tó bẹ́ẹ̀ tí òrí kì í yọ́ lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀, gbogbo ilé sì kérora nígbà tí wọ́n rí i tí ó dìde. Aṣòfin oníkùn ńlá kan ní kí ìyá tètè sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀ á ṣú mọ́ àwọn, àti pé bí ẹranko náà bá gbé e lọ́la, eegun rẹ̀ á há a lẹ́yín. Rántíàná ní kí òun náà ṣọ́ ikùn rẹ̀, kí ẹranko má lọ rò pé inú kòtò òun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó wá sọ.

“Mo gbà pé òfin kò gbọdọ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ta ló rọ ọ́ sùn? Ọwọ́ yìí ni mo fi ro ẹ̀kọ tó mu. Odi wó, a ní kí òfin sùn kí àlejò lè wọlé. Odi dúró tán, a ní kó jí kí àlejò lè jáde. Èyí tó ń sùn nígbà tí a bá fẹ́, tó ń jí nígbà tí a bá fẹ́, kì í ṣe òfin, ajá ọdẹ ni. Bí ẹ bá fẹ́ jí i, kó gbóòórùn gìgísẹ̀ gbogbo wa. A bí èmi sínú ìlú ni, n kò gba ẹnu bodè rí. Ta ló fi osùn pa mí?”

Gbófinró ní ọmọ ìlú ni ọmọ ìlú, kí wọ́n jókòó sínú ilé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n da eérú sẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹranko náà kì í kọjá eérú. Ìyá béèrè pé àwọn aṣòfin ńkọ́, ṣebí àṣà ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ dúró létí kòtò bí òfin bá ń jí? Gbófinró ní àwọn yóò dúró, àyà kò ja àwọn. Ìyá ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi èyí sí i: aṣòfin tí ó bá ti fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ òfin tí ó ní kí ó jí, kí onítọ̀hún má dìbò. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Gbófinró ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìgbà náà ni ojú ọdẹ ríran. Gbófinró ń rìn padà sí ìjókòó rẹ̀, gbogbo ibi tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá sì kàn lórí ẹfun náà, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń kù síbẹ̀. Ọdẹ́tókun wo ẹsẹ̀ àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni ilẹ̀ wọn pọ́n. Osùn ẹnu bodè kì í kun ẹní. Osùn àná ni ó ń kùn. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe oníbodè wá sí ìyẹ̀wù, ó ti fi osùn pa wọ́n lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n jáde. Àwọn tí ó ní kí òfin jí ti lọ dí i nímú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ọdẹ yìí, ìbò mẹ́wàá a já, ẹranko a sì máa sùn lọ.

Olórí ìgbìmọ̀ gbé irin fún Ọdẹ́tókun, òun náà sì fi ẹnu kàn án, ó búra bí ọdẹ. Wọ́n bi í ní ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ó sọ ọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbófinró kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Ọkùnrin yìí kò ṣe àìdáa. Ìwà rere ló fi rú òfin. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ṣé imú ẹranko yóò gbóòórùn ìwà?” Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní Ọdẹ́níyì mọlémọlé ti kọ ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ pé ẹnu bodè ni òun gbà, ẹfun tí òun ń pò mọ́ amọ̀ ni ó jẹ osùn òun. Ìgbìmọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí wọ́n tún fi osùn pa á lẹ́sẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ rèé. Ṣé òótọ́ ni?

Ọdẹ́tókun wo ìta. Ọdẹ́níyì ń wò ó, Abíọ́nà wà lórí itan rẹ̀. Irin ti wà ní ẹnu Ọdẹ́tókun. Ìyá rẹ̀ sì wà lórí ẹní.

“Baba kan náà ló kọ́ wa,” ni ó wí. “Kò gba ẹnu bodè.”

Ilé náà mí kanlẹ̀. Rántíàná nìkan ni kò mí. Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá, ó wá dúró níwájú ọdẹ, ó ní: “Ọdẹ, o ti sọ ti àbúrò rẹ. Ojú ọdẹ kì í wọlé kó má rí nǹkan. Kí lo tún rí níbí?”

Ọdẹ́tókun wo ilẹ̀. Àwọn pupa náà wà níbẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ó ní òun kà á, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó pé mẹ́wàá. Ó ní òun rí ọwọ́ ìyá òun lórí orí Ọdẹ́níyì. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀, òun nìkan ni yóò padà sílé.

“Ohun tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn,” ni ó wí.

Mọ́kànlá dúró sí ọ̀tún, mẹ́wàá dúró sí òsì. Bí wọ́n ṣe pinnu láti jí òfin nìyẹn.

Wọ́n ṣí kòtò ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n da omi tútù lé e lórí. Ẹranko náà dìde, erùpẹ̀ ọdún mẹ́rìnlá ń bọ́ lára rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbóòórùn gìgísẹ̀ àwọn aṣòfin. Ó dé ọ̀dọ̀ Gbófinró, ó kọjá. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́sàn-án, ó kọjá. Àwọn aṣòfin tí ó kù ti sá wọlé lẹ́yìn eérú, gbogbo wọn àfi Rántíàná. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó na gìgísẹ̀ rẹ̀ òfo síwájú. Ẹranko náà gbóòórùn rẹ̀ pẹ́, bí ẹni tí ó mọ ọwọ́ tí ó fún un ní ẹ̀kọ mu. Lẹ́yìn náà ó gbé e jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe kọjá odi ni àwọn ènìyàn rí ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó tú ká lójú ọ̀run.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pe orúkọ àwọn ará ààtàn láti ilé dé ilé, wọ́n ń fà wọ́n jáde kọjá eérú. Nígbà tí ó kan Ọdẹ́níyì, Ìbídùn di aṣọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka mẹ́fà ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àfi ìgbà tí aṣọ náà ya. Ọjọ́ náà ni wọ́n ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò síta, lórí ilẹ̀ kan náà.

Iwájú ẹnu bodè ni wọ́n bọ́ sí. Níbẹ̀ ni Ọdẹ́tókun ti wá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu bodè tí kò wò nígbà tí ó ń bọ̀. Àwọn ènìyàn tò síwájú rẹ̀ títí ojú kò fi rí ìparí wọn. Àwọn tí ó wà níwájú ti ní èèpo igi títí dé àyà. Ẹyẹ ti kọ́ ilé sí èjìká ọ̀kan, òun náà sì ń ṣọ́ra kí ẹyin má bọ́.

Ọdẹ́tókun ní kí àwọn máa lọ. Ọdẹ́níyì kọ́kọ́ lọ sí ìdí odi, ó ń fi ojú wá ihò tí ó lè fi wo ọmọ rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ibi tí amọ̀ pàdé amọ̀. Kò rí ihò kankan, wọ́n ti dí ti ààtàn pàápàá. Òun ni ó mọ ibẹ̀, ó sì mọ ọ́n dáadáa. Ó gbọ́ ohùn Abíọ́nà lódìkejì, kò mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí ẹ̀yìn gbogbo àwọn tí ó tò, ó dúró.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọdẹ́tókun fi bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ti ìyá, ó sọ ti ẹní, ó sọ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó kù láti fi kan orí. Ọdẹ́níyì ní bí òun bá kúrò níbẹ̀, ẹlòmíràn á gba àyè òun, òun á tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ti bo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, “ṣé ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ni?”

“Mo fẹnu kan irin, Ọdẹ́níyì.”

“Irin,” ni Ọdẹ́níyì wí, ó mi orí. Ó sì kọjú sí ẹnu bodè, kò wẹ̀yìn mọ́.

Ọdẹ́tókun nìkan ni ó padà. Ó bá Àwẹ̀ró láàyè, wọ́n ti gbé e jókòó ti ògiri kí ó lè máa wo ojú ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ó ṣí i sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó tún wò ó, kò sí ẹnikẹ́ni. Ó béèrè bóyá ó rí i. Ọdẹ́tókun ní òun rí i, ara rẹ̀ le, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ kan tí ó gbé imú Àwẹ̀ró. Ìyá rẹ́rìn-ín sí ti imú. Ó béèrè pé kí ló wá dá a dúró. Ọdẹ́tókun ní òfin ni. Ìyá ní òfin ta ni? Ọdẹ́tókun sọ ti ẹranko fún un, ó sọ ti ìgbìmọ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe pe òun síwájú wọn.

Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán. Ó ní: “Ìwọ náà wà níbẹ̀. Kí lo sọ?”

“Mo sọ òtítọ́, ìyá.”

Ìyá wo ojú rẹ̀ pẹ́, bí obìnrin tí ó mọ ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì ní eyín.

“Gbogbo rẹ̀?”

Àwẹ̀ró dúró de ìdáhùn náà lónìí, ó dúró dè é lọ́la. Ní ọjọ́ kẹta, ikú wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá kò dúró mọ́.